Òrùka Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kó Pé

Màmá alákàrà tó wà lẹ́bàá títì níhà Àkódà, bí èèyàn bá ń ti Gbọ̀ngán bọ̀ wọ Ẹdẹ, ló kọ́kọ́ bi àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ ń wú nílẹ̀ látàárọ̀?"

"Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já, Mà." Ọ̀gá wọn ló dáhùn láti inú kòtò, kò gbójú sókè.

Màmá wo fóònù rẹ̀. Oníbàárà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó àkàrà ránṣẹ́ sí i ni, áláàtì sì ti dún. "Ó já kẹ̀? Tèmi ń lọ o."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé gan-an, Mà."

Èmi tí mo jókòó lórí ike ọ̀dà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé mọ ìdí tó fi dúpẹ́. Okùn ti já lóòótọ́, láti nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ àná. Katapílà tó ń la ojú gọ́tà ló fi eyín gé e, gbogbo fáíbà 48 tó wà nínú rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ẹni tó wà á sì ti da iyẹ̀pẹ̀ bo ibẹ̀, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó pariwo ní Ẹdẹ. POS ń ṣiṣẹ́ lọ́jà. Àwọn ọmọ Poli ń wo fíìmù lórí fóònù wọn. Ní Redeemer's University tó wà nínú ìlú yìí kan náà, níbi tí ilé ìwádìí ACEGID ti tú àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò kòrónà ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàròyé. Ohun tó mú mi jókòó nìyẹn. Àwọn èèyàn yìí wá tún ohun tí kò dun ẹnikẹ́ni ṣe, wọ́n sì ń sáré bí ẹni pé gbogbo ìlú ló wà lókùnkùn.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Láti Gbọ̀ngán, ọ̀nà kan wọ Ẹdẹ, ó ti Ẹdẹ lọ Òṣogbo, ó ti Òṣogbo lọ Iléṣà, Iléṣà gbé e fún Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ sì dá a padà sí Gbọ̀ngán. Ọ̀nà mọ́tò ni mo ń sọ. Ẹni tó bá wọkọ̀ yí i ká, ibi tó ti gbéra ló máa bọ́ sílẹ̀ sí. Okùn tí wọ́n ń tún ṣe yìí tẹ̀ lé ọ̀nà náà gẹ́lẹ́. Gbọ̀ngán ni ẹnubodè rẹ̀ sí Ìbàdàn àti Èkó, níbi tí àwọn kébù abẹ́ òkun ti ń gúnlẹ̀. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ switch kan wà tó ní ojú méjì sára òrùka náà. Àwọn oníṣẹ́ ń pe ojú kan ní East, wọ́n ń pe èkejì ní West, kò sì kan ibi tí oòrùn ti ń yọ. East ti Ẹdẹ kọjú sí Gbọ̀ngán. Ẹnu mi ti là tán láti jiyàn kí n tó rántí pé alájá ló ń sọ ajá rẹ̀ lórúkọ.

Pé bí apá kan bá gé, ìròyìn á gba apá kejì, ìyẹn ò ṣòro. Bí wọ́n bá dí ojúlé, a ó gba ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé nígbà tí òrùka yìí bá pé, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, wọn kì í jẹ́ kó jẹ́ òrùka rárá. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ dí ojú kan nínú rẹ̀.

Ìwà olófòófó ló wà lára switch. Bí ìròyìn bá dọ́wọ́ rẹ̀, tí kò mọ ilé tó ń lọ, gbogbo ilé ni yóò sọ ọ́ dé, àyàfi ilé tó ti gbọ́ ọ. Nínú agbo ilé tí ọ̀nà rẹ̀ lọ tààrà, òfófó á dé ilé tó kẹ́yìn, á sì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ilé bá ti yí po, ohun tí ìyálé sọ á gba ọ̀dọ̀ ìyàwó kékeré, á yí ẹ̀yìn ká, á padà dé etí ìyálé bí ọ̀rọ̀ tuntun, ìyálé á sì tún sọ ọ́. Ethernet kì í sàmì sára ẹrù pé èyí ti kọjá níbí rí, kò sì sí iye ìgbà tí ẹrù lè yípo kó tó sọnù. Kí èèyàn tó wí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀dà ìròyìn kan ṣoṣo ti kún okùn fọ́fọ́, gbogbo òrùka ti dákú, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò gé.

Nítorí èyí ni ìlànà G.8032, tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2008, fi ní kí wọ́n mú ìsopọ̀ kan láàárín ìlú méjì, kí wọ́n fi switch kan jẹ oyè onílẹ̀kùn rẹ̀, kí onílẹ̀kùn náà tì í. Ní òrùka tí mo ń sọ yìí, ààrin Òṣogbo sí Iléṣà ni wọ́n tì. Fáíbà wà níbẹ̀, iná ń tàn nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, àwọn switch ń kí ara wọn lórí rẹ̀. Ẹrù oníbàárà nìkan ni kò gbọdọ̀ gbabẹ̀. Ìrìn tó kù wá di ọ̀nà tààrà, kò sí àyípo, òfófó ń kú síbi tó yẹ kó kú sí.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn, Ẹdẹ àti Gbọ̀ngán rí i pé iná kú lójú àwọn. Kálukú ti ojú tirẹ̀ níhà ibẹ̀, ó sì kéde sí apá kejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lẹ́sẹ̀ kan náà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún títí wọ́n fi tún un ṣe. Onílẹ̀kùn gbọ́ ní Òṣogbo, ó ṣílẹ̀kùn. Gbogbo switch gbàgbé ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ilé oníkálukú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀nà tuntun. Mílísẹ́kọ́ọ̀ńdì 50 ni ìlànà náà fún wọn, bí òrùka kò bá tó kìlómítà 1,200 yíká, tí switch inú rẹ̀ kò sì tó 16. Ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Èèyàn ò tíì ṣẹ́jú tán. Ẹrù Ẹdẹ tó ti ń bọ́ sí Gbọ̀ngán tààrà wá ń gba Òṣogbo, ó gba Iléṣà, ó gba Ifẹ̀. Ká tiẹ̀ pe ìrìn àfikún náà ní kìlómítà 100: nǹkan bí kìlómítà 200,000 ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú gíláàsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìdajì mílísẹ́kọ́ọ̀ńdì ni gbogbo wàhálà náà fi kún un. Ibo ni alákàrà ti máa mọ̀?

Ọ̀dọ́bìnrin tó kọ ètò yìí sínú ẹ̀rọ wà nínú ọkọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà lórí itan. Ẹ̀ńjìníà ni ọ̀gá ń pè é, òun náà sì ń pe ọ̀gá ní "Ẹ̀gbọ́n," ó ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Mo bi í pé kí ló le jù nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní kò sí èyí tó le nínú títẹ àṣẹ náà, ìlà díẹ̀ ni. Ohun tó ń pa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lára ni oyè onílẹ̀kùn. Bí wọ́n bá fi í jẹ ẹni méjì, ojú méjì ló tì, ìlú tó bá bọ́ sáàárín wọn ti há. Bí wọn ò bá fi jẹ ẹnikẹ́ni, òfófó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òun kì í sì í so òrùka pọ̀ kó tó kọ ètò rẹ̀. Á fi okùn kan sílẹ̀ láìkì í bọlé, á lọ káàkiri gbogbo ẹ̀rọ, á wò ó bóyá wọ́n gbọ́ ara wọn yé, ìgbà yẹn ni á tó ki okùn àṣekẹ́yìn bọlé. "Àwọn míì á kọ́kọ́ kì í bọlé ná, Sà. Wọ́n á sì máa wí pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

Ó fi ibì kan hàn mí nínú ètò rẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Bí wọ́n bá tún okùn ṣe tán, tí iná padà dé, òrùka kì í padà sípò lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ di etí fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé ìkéde àná lè ṣì máa yí ká lójú ọ̀nà, kó má baà gba ọ̀rọ̀ tó ti kú gbọ́. Lẹ́yìn náà onílẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí iná bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́ láàárín rẹ̀, kíkà náà parẹ́, ó di ìgbà tí iná bá tún dé kó tó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹní àìsàn, a kì í gbé odó lé e lórí. Ẹni tó kọ èyí sínú ìlànà ti rí okùn tí wọ́n ní ó ti ṣe, tí kò tíì ṣe.

Ṣùgbọ́n nínú kòtò ni iṣẹ́ wà lọ́jọ́ náà. Mo ti bi ọ̀gá pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ibí ni, nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ ti bo ojú ọgbẹ́. OTDR ló fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà láti Ẹdẹ, tó sì ń tẹ́tí sí ohùn tó ń padà bọ̀. Níbi tí ohùn bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ló gé. Ẹ̀rọ ní kìlómítà 4.31. Bí èèyàn bá fi ìyẹn wọn títì, á kọjá ibi tó gé, á máa gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ kiri, nítorí pé fáíbà lọ́ bí ìgbín nínú ọ̀pá rẹ̀, ó gùn ju okùn tó wọ̀ lọ. Àti pé nínú àwọn kòtò ìsọdá lójú ọ̀nà, wọ́n ká okùn sílẹ̀, mítà 20 níbi kan, 15 níbòmíràn. Ọ̀gá ní ìwé àjákọ kan tí omi ti rẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Gbogbo ìká wà nínú rẹ̀. Ó yọ wọ́n kúrò, ó tún yọ ti lílọ́, ó wakọ̀ dé ibi tó kù, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi bàtà tẹ ilẹ̀ tó rọ̀.

Ìlà tí ẹ̀rọ yẹn ń yà, èmi rí i bí ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ní ìkọsẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Òun ń gbọ́ ọ bí ìlù. Ìlú tí Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè ti jọba láti 1946 sí 1975, ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó sì ń kọ̀wé lórí ìlù, kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní ariwo. Ó wo ìkọsẹ̀ kan, ó yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà padà láti 1310 sí 1550 nánómítà, ó tún un wò. Bí ó bá jin bákan náà lójú méjèèjì, oríkèé ni, ibi tí wọ́n ti so ó rí. Bí ó bá jin jù ní 1550, okùn ló ká kò níbì kan tí òkúta tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Èyí ká kò. Kò tíì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i." Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Wọn ò fi okùn tuntun kún un. Wọ́n fa ìká mítà 20 tó sún mọ́ wọn jù, àwọn tó ri okùn yìí mọ́lẹ̀ lọ́dún wọnnì ló fi í sílẹ̀ de ọjọ́ bí èyí. Bí kò bá sí ìká, oríkèé méjì ni wọn ì bá ṣe, ìsopọ̀ 96 dípò 48.

Ọ̀pá kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú okùn náà, fáíbà 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ń kà wọ́n lábẹ́ èémí bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka ábídí: búlúù, ọsàn, ewé, búráwùn, eérú, funfun, pupa, dúdú, yẹ́lò, àlùkò, píǹkì, omi òkun. Kò gbọdọ̀ fi eérú so funfun. Lábẹ́ agbòòrùn, ní ọjọ́ tí ọyẹ́ mú kí gbogbo nǹkan dà bí eérú, mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó mú ẹyọ kan. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó ki ọ̀pá rọ́bà kékeré kan tó ní irin nínú bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyẹn ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń gbàgbé. Wọ́n á so fáíbà tán, á dán, á mọ́, kí wọ́n tó rí i pé ohun tó yẹ kó bo ojú oríkèé wà lórí tábìlì. Bí ẹni sin ìlẹ̀kẹ̀ tán tí kò ta kókó sídìí okùn. Ó bọ́ ẹ̀wù fáíbà. Ohun tó kù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà kan ní ìwọ̀n, ààrin rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà gan-an sì jẹ́ máíkírónì 9 péré. Ó fi bébà tó rẹ sínú ọtí nù ún lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó dún: *kín-in*. Ó wojú mi. "Ẹ gbọ́ ọ? Bí kò bá ké, kò tíì mọ́."

Gígé rẹ̀ kì í ṣe gígé. Abẹ kan fi ẹnu kàn án lára fẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tẹ́ bí awò. Àjákù tó bọ́ lára rẹ̀, tí èmi ò rí rárá, ó fi ìka mú un sínú ìgò oníderí. Gíláàsì ni, ó lè wọlé sára, kò sì sẹ́ni tó máa rí i yọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi fọwọ́ kan àkàrà tí mo rà fún un.

Ó tẹ́ fáíbà méjèèjì sínú ẹ̀rọ, ó dé e. Lójú amóhùnmáwòrán kékeré rẹ̀ ni wọ́n ti yọ bí òpó méjì tó dojú kọra. Ẹ̀rọ sún wọn mọ́ra, ó wò wọ́n lókè, ó wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná ta pà! Òpó méjì di ọ̀kan, èèyàn ò sì lè fọwọ́ sọ ibi tí wọ́n ti pàdé mọ́. 0.02, ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀: ìwọ̀n dB tó ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó máa ṣòfò. Wọ́n ní Tìmì àkọ́kọ́ ní Ẹdẹ ni Ọlọ́fà-iná. Mi ò rò pé ó ta ọfà tó kéré tó èyí rí. Nígbà tó di ìkọkànlélógún, ẹ̀rọ kọ 0.04. Èmi ò bá ti kọjá. Ó wò ó pẹ́, ó gé e, ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo àsìkò yìí, fóònù rẹ̀ ń dún. Ẹnì kan nínú wọn wà lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà, níbi tí àwọn kan ti ń gbẹ́lẹ̀ fún páìpù. Wọ́n rán an lọ jókòó ti katapílà ibẹ̀, kó má jẹ́ kó kọjá àmì. Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Òrùka tí apá kan rẹ̀ ti gé ti di okùn lásán. Ẹni tó bá tún gé ibòmíràn ti ya Ẹdẹ kúrò lára ayé. Gbogbo òye tó wà nínú mílísẹ́kọ́ọ̀ńdì 50 yẹn tún ń fi ọgbẹ́ pamọ́. Kò sí ìrora, kò sí oníbàárà tó ń pè, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá, kí òmíràn tó gé, kí gbogbo ènìyàn wá máa béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀ lójijì. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í dúró de ariwo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ irú okùn báyìí di dúkìá ìlú tó ṣe kókó, tí ẹni tó bá bà á jẹ́ sì rúfin. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn awakatapílà tí mo mọ̀ kì í ka ìwé ìjọba, èmi ó sì rán ẹni kan lọ jókòó síbẹ̀.

Èmi náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà kan, níbi iṣẹ́ kan tí mo wà, a sanwó fún okùn méjì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì, ká lè fọkàn balẹ̀. Lórí bébà, ọ̀kan wá láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ó rẹwà. Katapílà kan gbé eyín kan sọlẹ̀, méjèèjì lọ. Kòtò kan náà ni wọ́n jọ gbà, ọ̀kan lórí èkejì, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rọ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lágbo tó tóbi jù ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne gé lọ́jọ́ kan náà ní abẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí àwọn báǹkì ní Nàìjíríà kò lè dá oníbàárà lóhùn. Orúkọ mẹ́rin, ojú ọ̀nà kan. Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn fẹ́ ri kìlómítà 90,000 mìíràn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àwòrán òrùka wọn wá, afárá ni kí a kọ́kọ́ wò. Òrùka tó bá kọjá lórí afárá Ọ̀ṣun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, lálọ lábọ̀, kì í ṣe òrùka.

Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá kí ìkejìdínláàádọ́ta tó parí. Ọ̀gá ká fáíbà sínú àpótí oríkèé bí ẹni ń ká ọmọ ọwọ́, ó dé e, ó ti ìdè rẹ̀, ó nu ọwọ́. Ẹ̀ńjìníà pè láti inú ọkọ̀ pé iná ti dé sí East ti Ẹdẹ. Kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀gá fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan àkàrà tó ti tutù. Nígbà tó pé, Ẹ̀ńjìníà ní, "Òṣogbo ti tìlẹ̀kùn." Wọ́n pe ẹni tó lọ jókòó ti katapílà pé kó máa bọ̀.

Màmá alákàrà ti ń kó igbá rẹ̀. "Ṣé ó ti wá ṣe?"

"Ó ti ṣe, Mà."

Ó yọ fóònù, ó wò ó. "Kò mà yàtọ̀ o."

Ọ̀gá ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó fa ìlà sórí 20, ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *ìká ku mítà 7*.